Ìdagẹ̀rẹ̀ Ayé àti Àlàyé Ìgbà Ọdún ní Ilẹ̀ Yewa: Iṣẹ́ Lámèyítọ́

Àlàyé méjì ni ó gbilẹ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun tí ó ń yí ìgbà padà. Èkíní ni pé ooru ń mú nígbà tí ayé bá sún mọ́ oòrùn, òtútù sì ń dé nígbà tí ó bá jìnnà sí i. Èkejì ni pé ọ̀pá ìyípo ayé dagẹ̀rẹ̀, tí èyí sì pín ọdún sí ìgbà mẹ́rin. Èkíní kò tọ̀nà. Èkejì ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀ kò bá ohun tí ọmọ Ìlaròó tàbí Ayétòrò ń fojú rí mu.

Àṣìṣe kìíní ṣòro láti fà tu ní ilẹ̀ Yewa nítorí pé ó jọ òtítọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ni ayé ń sún mọ́ oòrùn jù, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 147 kìlómítà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni ó ń jìnnà jù, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 152. Oṣù Kìíní sì ni oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń ta lọ́sàn-án ní Yewa, tí òjò sì ń mú oṣù Keje tutù. Ṣùgbọ́n oṣù Kìíní yìí kan náà ni òtútù ń mú gan-an ní London. Bí ó bá jẹ́ ìsúnmọ́ni ni, ibi méjèèjì ni ìbá máa gbóná pọ̀.

Dígírì 23.4 ni ìdagẹ̀rẹ̀ náà. Òun ni ó mú kí ọ̀sán tí ó gùn jù lọ ní London fi ohun tí ó ju wákàtí 8 lọ gùn ju èyí tí ó kúrú jù lọ. Ní Ìlaròó, tí kò ju nǹkan bí dígírì 7 lọ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ìyàtọ̀ náà kò tó wákàtí 1. Òjò ni ìdagẹ̀rẹ̀ fi ń fara hàn níhìn-ín. Bí oòrùn ti ń yà sí àríwá, bẹ́ẹ̀ ni ìgbànú òjò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ olómi láti Òkun Àtìláńtíìkì sì ń wọlé: àkọ́rọ̀ dé. Nígbà tí ìgbànú náà bá kọjá sí òkè ọya ní oṣù Kẹjọ, òjò a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Yewa. Bí ó bá ń padà bọ̀, àrọ̀kúrò a rọ̀. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ń gbé ọyẹ́ dé.

Àkọ́rọ̀, àrọ̀kúrò, ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ti wà lẹ́nu àgbẹ̀ kí ilé-ìwé tó dé. Àléébù ńlá ni kí olùkọ́ fi wọ́n sílẹ̀, kí ó máa túmọ̀ ìgbà mẹ́rin ilẹ̀ Yúróòpù fún ọmọ tí kò rí wọn rí. Iṣẹ́ Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa ṣe aṣáájú rẹ̀ láti ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí àpẹẹrẹ pẹ̀lú ti ibi tí ọmọ ń gbé wá.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò sì nílò ẹ̀rọ. Bí a bá ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ lóòró ní àgbàlá ilé-ìwé, òjìji rẹ̀ ní ọ̀sán gangan yóò kọjú sí gúúsù ní oṣù Kẹfà, yóò sì kọjú sí àríwá ní oṣù Kejìlá. Ìsúnmọ́ oòrùn kò lè yí òjìji padà bẹ́ẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ ni ó lè ṣe é.