Xiaose: Ọ̀rọ̀ Tí Etí Ń Gbọ́ Kí Ọkàn Tó Gbọ́

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Irú ẹyin bẹ́ẹ̀ ni xiaose, ọ̀rọ̀ àtàtà kan nínú ewì àwọn ará Ṣáínà. Ó rọrùn fún ògbufọ̀ láti kọ “ìbànújẹ́” dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fọ́ ẹyin náà.

Àmì méjì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Èkíní jẹ́ orúkọ ewéko kan, èkejì jẹ́ orúkọ ohun èlò orin olókùn. Nígbà tí wọ́n bá wà pọ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀ ewéko tàbí orin mọ́. Ìró atẹ́gùn tútù láàárín igi tí ewé rẹ̀ ń wọ́ ni wọ́n ń sọ. Nínú ewì tí wọ́n kà sí ti Song Yu, ará ilẹ̀ Chu, ní ohun tí ó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn, ìgbà ìwọ́wé ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣàpèjúwe.

Ní ọdún 207, Cao Cao, ọ̀gágun, lò ó fún afẹ́fẹ́ etí òkun, síbẹ̀ kò sí ẹkún nínú ewì rẹ̀. Títóbi òkun ni ó ń yìn. Ní 1954, Mao Zedong rántí ewì yẹn ní Beidaihe, ó sì tún ọ̀rọ̀ kan náà lò láti fi hàn pé ayé ti yí padà. Du Fu ní tirẹ̀ lò ó fún ìgbésí ayé Yu Xin, akéwì tí wọ́n dá dúró sí ìhà àríwá, tí kò lè padà sílé. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ igbó ti di ọ̀rọ̀ ènìyàn.

Ǹjẹ́ Yorùbá ní ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? “Páropáro” súnmọ́ ọn, nítorí pé ibi ni òun náà ń ṣàpèjúwe, kì í ṣe ọkàn. Ṣùgbọ́n ibi tí ó bá dá páropáro kò ní ìró. Xiaose kò sì lè wà láìsí ìró. Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ó bá ń túmọ̀ irú ewì bẹ́ẹ̀ má ṣe wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kí ó kọ atẹ́gùn, kí ó kọ ewé gbígbẹ, kí ó kọ òtútù. Bí ìbànújẹ́ bá wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fúnra rẹ̀ bá a pàdé.