Kí Ojú Kọ́kọ́ Rí I

Iṣẹ́ amọ̀nà ni mo ń ṣe ní Sevilla, ìlú àtijọ́ tó wà létí odò Guadalquivir ní gúúsù Spéìn. Ẹsẹ̀ la fi ń ṣe é, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Àwọn kan rò pé ẹni tó bá ti mọ ìtàn sórí, tí ẹnu rẹ̀ sì dùn, ti di amọ̀nà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí èèyàn ti dúró ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà, àti bó ṣe mọ ìgbà tó yẹ kó pa ẹnu mọ́, kí àlejò lè fojú ara rẹ̀ rí nǹkan kó tó gbọ́ ọ.

Ẹ wo Giralda, ilé gogoro tó wà lára kàtídírà. Bí àwọn àlejò bá ti dé iwájú rẹ̀, òkè ni gbogbo wọn máa ń gbójú sí. Èmi á ní kí wọ́n wo ìdí rẹ̀ ná. Òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ Látìn sí lára. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa wá lẹ́tà tí wọ́n mọ̀, títí ẹnì kan á fi bi mí pé ta ló kọ ọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ìlú yìí ni, láyé ìjọba Róòmù. Wọ́n fi yẹ́ Sextus Iulius Possessor sí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó etí odò, torí pé olóòótọ́ ni, kì í ṣègbè. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí Almohad wá ń kọ́ ilé gogoro mọ́sálásí wọn láàárín 1184 sí 1198, òkúta àwọn ará Róòmù ni wọ́n ṣà fi ṣe ìdí rẹ̀. Àwọn Kristẹni gba ìlú ní 1248, wọ́n sì sọ mọ́sálásí náà di kàtídírà. Láàárín 1558 sí 1568, ayàwòrán ilé Hernán Ruiz kọ́ ilé agogo lé ilé gogoro náà lórí. Ìgbà yìí ni mo tó máa ń jẹ́ kí wọ́n gbójú sókè. Nínú ilé náà, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ márùndínlógójì ló ń gbéni dókè, wọ́n ní kí ládánì lè gun ẹṣin lọ pe ìrun ni. Inú àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn máa ń dùn sí i púpọ̀.

Amọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ òjìji pẹ̀lú. Oòrùn Sevilla ń pani nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìtàn kì í sì í wọ etí ẹni tí oòrùn ń jó lórí. Mo mọ ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn ní òpópónà kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní Santa Cruz, àwọn ilé ń ṣíji bo ọ̀nà tóóró. Àdúgbò àwọn Júù ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn ní 1391. Sínágọ́gù wọn kan ló di ṣọ́ọ̀ṣì Santa María la Blanca. N kì í fi ibẹ̀ dá àpárá rárá.

Àmọ́ òpópónà kan wà tí n kì í fò, bó tilẹ̀ jìnnà díẹ̀: Conde Negro, Olóyè Dúdú. Juan de Valladolid ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní 1475, Isabel àti Fernando tó jọba Spéìn fi í ṣe adájọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Sevilla, àtẹrú àtẹni tó ti gba òmìnira. Òun ló ń parí ìjà wọn, òun ló ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn. Ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbí tó bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ pẹ̀lú awọ ara mi, ìtàn náà máa ń wọ̀ wọ́n lára ju bí mo bá sọ ọ́ níwájú kàtídírà lọ.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ilé ìsìn ẹgbẹ́ Los Negritos wà, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá. Aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú ọmọ ẹgbẹ́ lónìí, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gbé ère wọn jáde ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni tó bá bá mi rìn lásìkò yẹn, ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn yìí ni mo máa ń mú un lọ. Àwọn yòókù lè lọ fún ara wọn níwájú kàtídírà.