Ọ̀gá: Ọ̀rọ̀ Kan Lẹ́nu Òṣìṣẹ́ Ìlúpéjú

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ń ti ẹnu òṣìṣẹ́ jáde ní Ìlúpéjú, láti òwúrọ̀ kùtùkùtù títí di ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ yóò fi wọlé, agbára káká ni a ó fi rí ọ̀kan tí ó wọ́pọ̀ tó ọ̀gá. Ọ̀gá ni aṣọ́bodè ń pe ẹni tí ó wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá náà ni ẹni tí ó wa ọkọ̀ ń pe aṣọ́bodè nígbà tí ó bá fẹ́ kí ó tètè ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá ni ẹni tí ń di ẹrù ń pe ẹni tí ń ka ẹrù. Ọ̀gá ni ẹni tí ń ka ẹrù ń pe ẹni tí ń fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí ọ̀sán bá sì pọ́n, ọ̀gá ni ìyá olóúnjẹ ń pe gbogbo wọn pátá. Ọ̀rọ̀ tí ó bá bá gbogbo ènìyàn mu báyìí, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè fura sí i. Bí gbogbo ènìyàn bá jẹ́ ọ̀gá, ta ni ọ̀gá?

Ìbéèrè náà kì í ṣe àwàdà. Owó iṣẹ́, ìtọ́jú ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́, àti àṣẹ pé kí ènìyàn padà wá lọ́la tàbí kí ó má padà wá mọ́, gbogbo wọn rọ̀ mọ́ ìdáhùn sí i. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, Ìlúpéjú jẹ́ ibi tí ìlú péjú sí. Nígbà tí Ìkẹjà àti Mushin ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-oòrùn, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, ni a ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní agbègbè yìí fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, tí tọmọdé tàgbà sì ti ilé Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Èkìtì, Ọ̀yọ́ àti ilẹ̀ Ìgbò wá iṣẹ́ wá síbẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó dé pàápàá, Agége tí kò jìnnà sí ibẹ̀ ti mọ ẹni tí ń gba owó iṣẹ́: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn oko kòkó bíi ti J. K. Coker ní Ìfàkọ̀ ti ń lo alágbàṣe. Nítorí náà, ọ̀gá kò bá ilé-iṣẹ́ dé. Ó ti wà nílẹ̀ de ilé-iṣẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà ni ọ̀rọ̀ orísun rẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé láti ara ga ni ọ̀gá ti wá, pé ẹni tí ó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni. Àlàyé náà dùn létí, ṣùgbọ́n ohùn kò gbè é. Ohùn àárín ni ga ní; ohùn òkè ni ó parí ọ̀gá. Bí a bá sì fi fáwẹ́lì kún ọ̀rọ̀-ìṣe níwájú, ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe náà kì í sábà yí padà: kú ni ó di òkú, mọ̀ ni ó sì wà nínú ọ̀mọ̀ràn. Ẹni tí ó bá ní ga ni ó di ọ̀gá ní láti sọ ibi tí ohùn òkè náà ti wá. Ohùn yìí kì í sì í ṣe ohun kékeré. Bí ó bá yẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ọ̀gá di ọ̀gà, èyí tí í ṣe agẹmọ. Ó sì rọrùn fún ẹni tí inú bá ń bí láti fi ohùn kan ṣoṣo sọ alábòójútó rẹ̀ di ẹranko tí ń yí àwọ̀ padà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìtumọ̀ rẹ̀ pín sí. Èkíní ni ti ìmọ̀. Bí wọ́n bá ní, “Ọ̀gá ni nínú ìlù lílù,” kò pọn dandan kí onílù náà ní ọmọ-ẹ̀yìn kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ọ̀gá. Èkejì ni ti ipò: ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀gá ọlọ́pàá, ọ̀gá àgbà, ọ̀gá pátápátá. Ìtumọ̀ yìí ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì gbé dé òkè téńté nígbà tí wọ́n pe Ọlọ́run ní Ọ̀gá-ògo. Ẹ̀kẹta ni ti ìpè lásán, tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ já mi sílẹ̀ ní Onípáànù.” Nínú ìlò kẹta yìí, kò sí ìmọ̀, kò sí ipò, ọ̀wọ̀ nìkan ni ó kù.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá ṣáájú rẹ̀ tún máa ń pààlà sí i. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá, ipò rẹ̀ dúró. Ẹni tí ó di ọ̀gá, ó ti rin ọ̀nà kan dé ibẹ̀, ó ti kọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe ọ̀gá, bí òṣìṣẹ́ ti máa ń wí pé, “Ó ń ṣe ọ̀gá lé mi lórí,” ẹ̀wù tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó gbé wọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ya akọ kúrò lára abo. Ọmọbìnrin tí ń kọ́ aṣọ rírán a máa pe obìnrin tí ń kọ́ ọ ní “ọ̀gá mi”. Ṣùgbọ́n ní ilé-iṣẹ́, obìnrin tí ó jẹ́ olórí sábà máa ń di màdáámù. Níbi tí ìmọ̀ ti fi ìdí ọ̀gá múlẹ̀, obìnrin jẹ́ ọ̀gá. Níbi tí ipò nìkan ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n wá orúkọ mìíràn fún un.

Láyé àtijọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń pàṣẹ iṣẹ́ ni Yorùbá ń pè ní ọ̀gá. Ẹrú ní olówó tí ó rà á. Ìwọ̀fà, tí Samuel Johnson ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ní olówó tí a yá lówó, iṣẹ́ ìwọ̀fà náà ni ó sì dúró fún èlé. Alágbàṣe ní olóko tí ó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ fún owó. Ọmọ-iṣẹ́ àti ọmọ-ọ̀dọ̀ ni wọ́n sábà ní ọ̀gá, aláàárù pẹ̀lú sì ní in, gẹ́gẹ́ bí òwe ti jẹ́rìí: “Ọ̀gá tà, ọ̀gá kò tà, owó aláàárù yóò pé.”

Lóde òní, òwe yìí ni a fi ń bá òṣìṣẹ́ tí kò bìkítà wí, ẹni tí ọ̀rọ̀ èrè ilé-iṣẹ́ kò kàn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ àdéhùn, ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ohun méjì ni ó sì lè ṣẹlẹ̀. Bí ọjà bá tà, ọ̀gá ni ó ni èrè. Bí kò bá tà, ọ̀gá ni ó ni òfò. Ti aláàárù kò yí padà, nítorí orí rẹ̀ ti ru ẹrù dé ọjà ná. Òwe náà tipa báyìí fún wa ní ìtumọ̀ tí kò sí nínú orúkọ oyè kankan: ọ̀gá ni ẹni tí òfò ń bá.

Ìtumọ̀ yìí ṣì wà láàyè ní àwọn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ti télọ̀ àti ti wẹ́dà tí ó yí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ìlúpéjú ká. Bí ọmọ-iṣẹ́ bá gé aṣọ oníbàárà kúrú, ó lè jẹ ìyà, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni oníbàárà yóò dojú kọ, ọ̀gá ni yóò sì wá owó aṣọ náà. Ọ̀gá kò sì lè mú ọmọ-iṣẹ́ dání títí ayé. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ náà yóò ṣe fírídọ́ọ̀mù, tí àwọn òbí yóò gbé oúnjẹ àti ohun mímu wá, tí ọ̀gá yóò súre fún un, tí òun náà yóò sì di ọ̀gá. Láàárín àwọn Ìgbò oníṣòwò, tí àwọn náà ń lo ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ọmọ bá sìn tán ní láti fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró. Bí ọ̀rọ̀ náà ti ń ti ẹnu ẹ̀yà kan bọ́ sí òmíràn, gbèsè tí ó wà lọ́rùn ọ̀gá ń bá a lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí wọ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ńlá, gbèsè náà dúró síta. Níbẹ̀, ẹni tí ó ni owó ni wọ́n sábà ń pè ní Òyìnbó, ìbáà ṣe ará Íńdíà, ará Lẹ́bánónì tàbí ará Ṣáínà. Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kọ́ńpìnnì. Ọ̀gá wá di ti ọmọ ilẹ̀ wa tí ó wà láàárín: fóòmáànù, súpáfáísọ̀, tàbí agbaṣẹ́ṣe tí ó kó òṣìṣẹ́ wá. Kásúà ni orúkọ ẹni tí ń gba owó ojúmọ́, ẹlòmíràn a sì wà nípò kásúà fún ọdún púpọ̀. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ sì dúró, wọn a ní kí kásúà máa lọ sílé. Owó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Òwe ti dojú dé: bí ọ̀gá kò bá tà, owó aláàárù kò ní pé. Síbẹ̀, orúkọ kò yí padà. Ẹni tí ń padà sílé lọ́wọ́ òfo a ṣì máa wí pé, “Ó dàbọ̀, ọ̀gá, ẹ ṣé o.”

Bí ó bá bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, yóò tún rí ìlò mìíràn. Súpáfáísọ̀ a ní agbaṣẹ́ṣe ni. Agbaṣẹ́ṣe a ní ọ̀gá wà ní ọ́fíìsì. Ẹni tí ó wà ní ọ́fíìsì a tún ní ọ̀gá ń bẹ lókè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, gbogbo Nàìjíríà fi irú ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan kò lè dáhùn ìbéèrè tí ó rọrùn lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ó sì sá di ọ̀gá rẹ̀ tí ó wà lókè. Ẹ̀rín náà pọ̀ nítorí pé kò sí òṣìṣẹ́ tí kò tíì pàdé ìdáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá, tí ó yẹ kí ìbéèrè parí sí lọ́dọ̀ rẹ̀, ti di ihò tí ìbéèrè ń gbà sá lọ.

Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín níhìn-ín a máa pani lẹ́kún níbòmíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ní Ìkòròdú, ìlú tí òpópó tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìlúpéjú kọjá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, iná jó ilé-iṣẹ́ kan lóru, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì kú nítorí pé a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ní irú òru bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀gá, yálà wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò pè é.

Òfin pẹ̀lú mọ̀ pé ó yẹ kí a mọ ẹni náà. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 kò fi agbanisíṣẹ́ mọ sí ẹni tí ó gba òṣìṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ó ka ẹni tí ó gbà á fún iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó sì ka aṣojú àti mánẹ́jà mọ́ ọn. Ó pa á láṣẹ pé, kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí a fún un ní ìwé tí orúkọ agbanisíṣẹ́ àti àdéhùn iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tí òwe fi ẹnu sọ ni òfin ní kí a kọ sílẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò fi ìgbà gbogbo dúró de ìdáhùn. Ní ìparí ọdún 1970, ìgbìmọ̀ tí Simeon Adébọ̀ jẹ́ alága rẹ̀ dábàá àfikún owó nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́ra láti san án, àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1971. Adrian Peace, tí ó fi Agége ṣe ibùdó ìwádìí rẹ̀, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1979 pé ọ̀pọ̀ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ darúgbó sí ìdí ẹ̀rọ. Wọ́n fẹ́ tọ́jú owó, kí wọ́n sì lọ dá iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ọ̀gá ara ẹni ni Yorùbá ń pe ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlò yìí bá òwe mu rẹ́gí, nítorí ẹni tí ó bá ní, “Èmi ni ọ̀gá ara mi,” èrè àti òfò ti di tirẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé kí a kúkú pa ọ̀gá tì, kí a fi olùdarí, alákòóso, alábòójútó àti agbanisíṣẹ́ rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kí ènìyàn pé, “Agbanisíṣẹ́, ẹ káàárọ̀.” Ọ̀rọ̀ ìpè ni ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ìdárúkọ ni ìyókù. Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí akọ̀ròyìn tàbí atúmọ̀-èdè bá fi ọ̀rọ̀ ìpè ṣe iṣẹ́ ìdárúkọ, tí ó kọ ọ́ pé “àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà,” tí òǹkàwé kò sì mọ̀ bóyá olówó ni, tàbí mánẹ́jà, tàbí agbaṣẹ́ṣe. Níbi tí owó tàbí ẹ̀mí bá wà nínú ọ̀rọ̀, kí olùkọ́ kọ́ ọmọ láti dárúkọ.

Kí òṣìṣẹ́ Ìlúpéjú máa pe ẹni tí ó bá wù ú ní ọ̀gá, nítorí a kì í san owó orí lórí ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù bá parí, tí owó kò sì pé, ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: bí ọjà kò bá tà, ta ni ó yẹ kí òfò bá? Ẹni náà ni ọ̀gá.