Ohun tí Òṣèré ń Mú Kúrò Lórí Ìtàgé: A Gbé Ìwé Heather Graham Sórí Ìwọ̀n



Lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn ìfẹ́ tí ìpànìyàn àti ìbẹ̀rù wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń yá lọ́wọ́ ara wọn, oríṣi ènìyàn méjì ni a máa ń bá pàdé. Èkíní ni òbí tí ó bá a lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ rẹ̀, tí ó sì fà á ya láì ṣí i wò. Èkejì ni ọ̀dọ́ tí ó ti ka ogún nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá ní kí ó sọ èyí tó dára níbẹ̀ àti ìdí tó fi dára, kò ní rí nǹkan kan sọ. Àwọn méjèèjì kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí ìwọ̀n lónìí, kí a wo ibi tó wúwo àti ibi tó fúyẹ́.

Ẹni tí a fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ni Heather Graham, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Florida ní 1953. Kì í ṣe òṣèré sinimá tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà o. Iṣẹ́ tíátà ni èyí kọ́ ní Yunifásítì South Florida. Nígbà tó jáde, ó ṣeré fún ọdún mélòó kan ní àwọn ilé eré tí àwọn ènìyàn ti ń jẹ oúnjẹ alẹ́ bí wọ́n ti ń wòran. Ó ṣe elégbè fún àwọn olórin, ó sì tún ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Nígbà tí ó bí ọmọ kẹta, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ní 1982 ni ó rí ẹni ra ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ̀. Láti ìgbà náà, ìwé tí ó ti kọ ti lé ní 200, ó sì fi orúkọ Shannon Drake kọ lára wọn. Ní 2003, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ ní Amẹ́ríkà fún un ní àmì-ẹ̀yẹ nítorí gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè wa ni pé: kí ni òṣèré ń mú kúrò lórí ìtàgé nígbà tí ó bá di òǹkọ̀wé? Àwọn kan á ní òṣèré mọ bí a ṣe ń díbọ́n, òǹkọ̀wé náà ń díbọ́n, nítorí náà iṣẹ́ kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣèré ní ojú tí yóò fà ro, ó ní ohùn, ó ní aṣọ eré, ó ní iná tí wọ́n ń tàn sí i lára. Bí ó bá dákẹ́ tí ó sì wolẹ̀, gbogbo òǹwòran ti mọ̀ pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Tàdáwà àti bébà nìkan ni òǹkọ̀wé ní. Gbogbo irinṣẹ́ òṣèré ni ó fi sílẹ̀ sẹ́yìn nígbà tó jókòó ti tábìlì.

Lójú tiwa, ohun méjì péré ló lè bá a dé ibẹ̀. Èkíní ni ìmọ̀ àsìkò: ìgbà tó yẹ kí ẹnìkan wọlé, ìgbà tó yẹ kí ó jáde, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a sọ báyìí àti èyí tó yẹ kí a fi pamọ́. Èkejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: òun ni agbára láti gbé ọkàn ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹ̀wù. Heather Graham mú èkíní dání, ó sì mú un dání dáadáa. Èkejì ni a kò fi bẹ́ẹ̀ rí nínú ìwé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ The Presence, tí ó jáde ní 2004. Ilẹ̀ Scotland ni ibùdó ìtàn náà. Toni Fraser àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ da owó pọ̀, wọ́n háyà ilé ńlá olódi kan tí àwọn ìjòyè àtijọ́ kọ́, wọ́n sì ń ṣeré ìtàn níbẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tí ń sanwó wòran. Toni fúnra rẹ̀ ló jókòó, tó fi ọkàn ara rẹ̀ dá ìjòyè kan, tó sọ ọ́ ní Bruce MacNiall, tó sì ní ìjòyè náà fún ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn pa. Lójú rẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bí iṣẹ́ wọn ti ń dùn lọ, ọkùnrin kan dé. Bruce MacNiall ni orúkọ rẹ̀. Òun ló nilé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń rí òkú àwọn ọmọbìnrin nínú igbó.

Ẹ wo bí òǹkọ̀wé ti ṣe é. A ti gbọ́ ìròyìn ìjòyè yìí kí a tó rí i. A ti mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ìpànìyàn kí ó tó la ẹnu. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn wọlé láìsí ìròyìn kankan níwájú rẹ̀, ọkùnrin kan lásán ni ì bá jẹ́. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé rí, tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn títí yóò fi kàn án láti jáde, ló ń mọ irú èyí. Ohun tó tún wá dára jù níbẹ̀ ni pé irọ́ tí òṣèré pa ló padà wá kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òwe yìí ni gbogbo ìwé náà, òǹkọ̀wé kò sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan.

Ibẹ̀ ni a ti lè mọ ohun tí irú ìwé yìí dúró lé. Kì í ṣe pé kí a ṣáà da ìtàn ìfẹ́ àti ìtàn ọ̀daràn pọ̀ sínú ìkòkò kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ ru méjèèjì: ẹni tí ọkàn mi fà sí yìí, ṣé ẹni àfọkàntán ni, àbí òun gan-an ni ewu? Daphne du Maurier, ọmọ Gerald du Maurier tí ó jẹ́ gbajúmọ̀ òṣèré orí ìtàgé nílùú London, gbé ìwé Rebecca ka ìbéèrè yìí ní 1938, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló sì ti tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Nínú The Presence, ìbéèrè náà kò kúrò lójú kan. Bí Toni ṣe ń fẹ́ràn ọkùnrin náà tó ni ẹ̀rù ń bà á tó. Nígbà tí ìwé bá mú àwọn méjèèjì dọ́gba báyìí, òǹkàwé kò ní lè gbé e sílẹ̀.

Ìwé kejì tí a fẹ́ tọ́ka sí ni Dying to Have Her, tí ó jáde ní 2001. Àárín àwọn òṣèré tẹlifíṣọ̀n ni ó mú wa lọ. Iná ńlá tí wọ́n so sókè láti fi tànmọ́lẹ̀ sí ibi eré já lulẹ̀, ó pa òṣèrébìnrin kan. Wọ́n gba ọkùnrin kan tó ti ṣe ọlọ́pàá rí pé kí ó máa ṣọ́ òṣèrébìnrin mìíràn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ti fẹ́ra rí. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí ì bá lo ìbọn tàbí májèlé. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé iná tó ń mú kí òṣèré dùn ún wò, òkè orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n so ó kọ́, okùn ló sì gbé e dúró. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní èrè iṣẹ́ àtijọ́.

Ìyìn ti tó báyìí. Ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tó fúyẹ́. Ní 2011, Heather Graham fi Phantom Evil bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé gígùn kan. Ìyàwó aṣòfin kan já láti òkè ilé àtijọ́ kan nílùú New Orleans, ó kú. Wọ́n ní ó pa ara rẹ̀ ni. Ikọ̀ kan dé láti wádìí, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí wọ́n ní ni pé wọ́n máa ń rí àwọn òkú, àwọn òkú sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. A kò fẹ́ fi ìgbàgbọ́ wa nípa òkú ṣe ẹjọ́ yìí. Iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé ni a ń dá lẹ́jọ́. Ní ilé eré, ẹnìkan a máa fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé pẹ̀lú ìwé eré lọ́wọ́. Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀, yóò rán an létí wúyẹ́wúyẹ́. Iṣẹ́ tí àwọn òkú wọ̀nyí ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí olùwádìí bá dé oríta, níbi tí ó ti yẹ kí ó ronú, kí ó rìn, kí ó bi ènìyàn léèrè, òkú kan á yọjú, á nàka sí ọ̀nà. Àlọ́ àpamọ̀ tí ẹni tó pa á bá ti ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí a tó ronú, kí ló kù nínú rẹ̀?

Àbùkù kejì wà lára àwọn ẹ̀dá-ìtàn fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dùn, wọ́n mọ èsì í fọ̀, a sì lè gbọ́ ohùn wọn bí ẹni pé wọ́n wà nínú yàrá. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìwé mẹ́ta, mẹ́rin tẹ̀léra, a ó rí i pé àwọn akọni ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan, àwọn obìnrin náà bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó ń kọ eré orí ìtàgé máa ń fi àyè sílẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé òṣèré ń bọ̀ wá fi ẹran ara àti omijé kún un. Nínú ìwé ìtàn, òṣèré kankan kò bọ̀. Àyè tí òǹkọ̀wé bá fi sílẹ̀, òfìfo ni yóò wà.

Kí ẹ má baà rò pé ohun tí kò ṣeé ṣe ni a ń béèrè, ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu ba òṣèré mìíràn tó ṣe irú àyípadà yìí. Thomas Tryon ni olórí òṣèré nínú sinimá The Cardinal ní 1963. Otto Preminger tó darí eré náà le mọ́ ọn púpọ̀, nígbà tó sì yá, ó kọ̀yìn sí eré ṣíṣe. Ní 1971, ó gbé ìwé The Other jáde, tí ó tà wàràwàrà. Ìtàn ìbẹ̀rù ni, kì í ṣe ìtàn ìfẹ́. Ó dá lórí àwọn ìbejì ọkùnrin kan ní oko kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní 1935. Ìyá àgbà wọn, Ada, kọ́ Niles, ọ̀kan nínú wọn, ní eré kan: kí ó tẹjú mọ́ ẹyẹ títí yóò fi dà bí ẹni pé òun gan-an ló ń fò. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ òṣèré nìyẹn, kò lé kò dín. Tryon wá bèèrè ohun tí ó jẹ́ pé ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà ló lè bèèrè rẹ̀: ẹni tó mọ ọ̀nà wọnú ẹlòmíràn, ṣé ó mọ ọ̀nà àbájáde? Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ìwé náà ti wá. A kò ní sọ bí ó ti parí.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì nìyí. Graham mú ọgbọ́n ìtàgé wá sínú ìwé, Tryon mú ìrora rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ìwé tí Tryon kọ kí ó tó kú ní 1991 kò pọ̀. Graham ń kọ tirẹ̀ bí ó ti ń tọ́ ọmọ márùn-ún. Ẹni tó ń kọ ìwé méjì, mẹ́ta lọ́dún kò lè walẹ̀ jìn bí ẹni tó ń kọ ẹyọ kan. A kò gbọdọ̀ fi aápọn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, a kò sì gbọdọ̀ tìtorí aápọn náà fi ojú pa àbùkù rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin òbí. Àwọn ìwé Graham kì í ṣe ìwé ọmọdé. Àwọn ojú ìwé kan wà níbẹ̀ tí ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín tọkọtaya láìfi aṣọ bò ó. Òdiwọ̀n tí a fi ń wọn irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ rọrùn: ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ wò ó bóyá ìtàn náà ṣì ń rìn. Bí ó bá ṣì ń rìn láìfarapa, ọjà ni wọ́n fi ojú ìwé náà tà. Nínú The Presence, ẹ̀rù àti ìfẹ́ ti gbé ìtàn náà dé ibi tó ń lọ láìsí i. Nítorí náà, ẹ ka ìwé kí ẹ tó fà á ya, kí ẹ sì tó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ tó mọ̀ pé òbí òun ti kà á yóò lè bi í léèrè ohun tó rú u lójú.

Ní ti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú àtifi iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, tàbí tí ẹ fẹ́ kọ̀wé, ẹ má ṣe rò pé ọdún tí ẹ lò nídìí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti ṣòfò. Obìnrin tó ṣeré fún àwọn tó ń jẹun alẹ́ mọ bí a ti ń mú kí ènìyàn dá ṣíbí dúró ní agbedeméjì àwo àti ẹnu, ìmọ̀ náà sì ń bọ́ ọ títí di òní. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dì ẹrù, ẹ yẹ ẹ́ wò dáadáa. Télọ̀ tó fẹ́ kọ̀wé, ṣé orúkọ aṣọ nìkan ni yóò mú lọ, àbí ohun tó mọ̀ nípa ìtìjú ẹni tí a ń wọn ara rẹ̀? Tíṣà tó fẹ́ kọ̀wé, ṣé ariwo kíláàsì ni, àbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọmọ tí ebi ń pa? Èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹrù ni ó wúwo jù láti gbé, òun náà ni ó sì tó gbé.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye ohun tí à ń kà, kí Ó sì fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.