Ta Ni Atọ́kùn Ẹ?

Ọmọ Abẹ́òkúta wa níbí ni Amos Tutuola. Nínú The Palm-Wine Drinkard, ìwé tí ilé iṣẹ́ Faber and Faber bá a tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ́dún 1952, ọkùnrin kan wọ ọjà lọ́jọ́ kan, gbogbo ojú sì yí sí i. Ẹwà ẹ̀ ò kù síbì kan. Ọmọbìnrin olórí ìlú rí i, ó gbàgbé ohun tó bá wá sọ́jà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà ní kó padà, kò gbọ́. Ìgbà tí wọ́n wọgbó tán ni arákùnrin wá ń dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tó yá a: ó kó ẹsẹ̀ fún ẹni tó ni ẹsẹ̀, ó kó apá fún ẹni tó ni apá, ó ń san owó ìyálò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku agbárí lásán.

Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe lórí ìtàn yìí ò pọ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá kọ ọkọ tí bàbá ẹ̀ fẹ́ fún un, ibi tó máa já sí nìyẹn. Àwa ọmọ ìsinsìnyí wá fi tiwa kún un. A ní, ẹ ò rí i bí? Àkáǹtì ayédèrú nìyẹn, fọ́tò onífọ́tò, ara aláàra. Torí náà, kí kálukú máa lo orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, kí gbogbo wa lè sinmi. Ọ̀rọ̀ yìí ń tà gan-an láàárín àwa tí à ń gbá géèmù lórí fóònù, pàápàá lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá bú ìyá oníyàá tó sì sá lọ. A ò gbà á. Lójú tiwa, ẹni tó bá ka ìtàn agbárí báyẹn ò tíì kà á délẹ̀.

Ẹ wo agbárí yìí dáadáa. Ó ní ilé. Ihò inú ilẹ̀ ni, àmọ́ ilé ni. Ó ní ẹbí, wọ́n jọ ń gbé ni. Gbèsè tó jẹ, ó san án, kò ṣẹ́ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Tí wọ́n bá ní kó mú NIN wá lẹ́nu géètì ọjà, á fà á yọ, wọ́n á sì ní kó máa wọlé, ọ̀gá. Kí ni orúkọ ẹ̀ ì bá wá ṣe fún ọmọbìnrin yẹn? Ó kàn máa mọ orúkọ ẹni tó mú òun lẹ́rú ni.

Ẹ tún wo ẹni tó gbà á sílẹ̀. Akọni ìtàn náà ò lórúkọ àbísọ kankan nínú ìwé. Orúkọ ńlá tó sọ ara ẹ̀ ló ń jẹ́ kiri, ó ní bàbá àwọn òrìṣà lòun, bí ìgbà tí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì Free Fire. (Ìgbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn náà sórí ìtàgé lọ́dún 1963 ni wọ́n wá ń pè é ní Lánkẹ́.) Ó di aláǹgbá kó lè tọ agbárí lẹ́yìn láìjẹ́ pé wọ́n rí i. Ó di afẹ́fẹ́. Nígbà tó fẹ́ gbé ọmọ náà sá, ó sọ ọ́ di ọmọ ológbò, òun náà sì di ẹyẹ kékeré. Ìfarapamọ́ ló fi ṣe gbogbo ìgbàlà inú ìtàn yìí. Tó bá jẹ́ pé òfin orúkọ gidi ló ń darí igbó yẹn, agbárí ló máa yege, ẹni tó wá gba ọmọ sílẹ̀ ni wọ́n máa dá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Kì í ṣe inú ìtàn nìkan. Ní oṣù Keje ọdún 2010, Blizzard, ilé iṣẹ́ tó ni World of Warcraft, kéde pé ẹni tó bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ní gbàgede tí àwọn oníbàárà wọn ti ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ àti ti ìdílé ẹ̀ hàn. Wọ́n ní ìyẹn ló máa lé èébú lọ. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi orúkọ tiẹ̀ síta láti fi hàn pé kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí àwọn èèyàn fi hú ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé ẹ̀ jáde, tí wọ́n ń gbé e kiri. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìkéde yẹn, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà jáde wá sọ pé àwọn ti fagi lé e.

Kòríà Gúúsù lọ jìnnà jùyẹn lọ. Láti ọdún 2007 ni òfin ti wà níbẹ̀ pé àwọn ìkànnì ńláńlá gbọ́dọ̀ mọ ẹni gidi tó ń kọ̀rọ̀. Ìsọfúnni àwọn aráàlú wá kún ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ bí àgbàdo inú àká. Ní 2011, olè wọ àká Nate àti Cyworld, ìsọfúnni àwọn oníbàárà bíi mílíọ̀nù 35 ló bá wọn lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà wọ́gi lé òfin ọ̀hún. Àwa náà níbí, ìparí ọdún 2020 ni wọ́n ti ní ká so NIN mọ́ SIM. Ẹni tó ń pè yín pé ẹ ti jẹ ẹ̀bùn ńlá, ṣé kò pè mọ́?

Ẹni tí orúkọ gidi sì ń kó sí wàhálà jù kì í ṣe ẹlẹ́nu burúkú. Ọmọbìnrin tó bá kọ orúkọ ẹ̀ gangan sí Call of Duty: Mobile, kó tó yìnbọn kan ṣoṣo ni wọ́n á ti máa bi í bóyá ó ti lọ́kọ. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ fi hàn pé Nàìjíríà ló ti wá, tí òun àti àwọn òyìnbó bá jọ wọ eré, ọ̀rọ̀ Yahoo ò ní pẹ́ jáde. Ẹlẹ́nu burúkú ńkọ́? Ẹ wọ Facebook lọ wò wọ́n, orúkọ wọn pé, fọ́tò agbádá wà níbẹ̀, èébú ń tú jáde bí omi.

Ní àwọn ilé géèmù tó wà káàkiri Ìbarà, láti Pánṣẹ́kẹ́ lọ dé ọjà Ọ̀mídá, ẹni tí kò bá lórúkọ eré ò tíì dé. Ronaldo mẹ́ta lè wà nínú yàrá kan. Orúkọ ìwé àwọn míì, a ò mọ̀ ọ́n dòní. Ṣùgbọ́n tó bá fi ìbínú fọ́ páàdì, a mọ ilé tí a máa gbé páàdì náà lọ bá màmá ẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú wa. Wọn kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Akọ̀wé, orúkọ tí wọ́n fún wọn nìyẹn, gbogbo agbo ilé ló sì mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ìbàdíàrán ò lè hùwà kó ní òun kọ́.

Ti egúngún tún ṣe kedere ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ojú eégún ò gbọdọ̀ hàn. Àmọ́ ilé kan ló ni aṣọ tó gbé jáde, ìlú mọ ilé náà, atọ́kùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń darí ẹ̀, pé ibí ni kó gbà, kó má dé ọ̀hún. Tí eégún bá ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe, kò sẹ́ni tó máa ṣí aṣọ lójú ẹ̀. Atọ́kùn àti ilé tó ti jáde ni wọ́n máa bi. (A ò sọ pé kí ẹ gbé gbogbo ẹ̀ wọ inú géèmù o. Obìnrin ni wọ́n ń fi púpọ̀ nínú awo yẹn pamọ́ fún, èyí tó bá sì mọ̀ ọ́n ò gbọdọ̀ wí.)

Ohun tí agbárí ò ní nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bá a wọ ọjà, kò sẹ́ni tí wọ́n lè bi léèrè ẹ̀. Ara tó yá, ó lò ó fún ọjọ́ ọjà kan, ó dá a padà, ọ̀rọ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tó ń bú ìyá oníyàá nínú géèmù. Ohun tó kì í láyà ni pé àkáǹtì tuntun ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ta lórí orúkọ kan, tó ti ná owó dátà àti owó skin lé e lórí, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi orúkọ yẹn kí i, kì í fẹ́ kó bàjẹ́, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ mọ̀ pé Sùnmọ́nù ló ń jẹ́ nílé.

Ibi tó ti kan àwa fúnra wa nìyí. Olórí clan ni atọ́kùn. Àmọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń fi ọmọbìnrin ṣẹ̀sín lórí máìkì, mélòó nínú àwọn olórí wa ló máa ń sọ pé ó tó? Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń gbè é. Wọ́n ní bí eégún ẹni bá jóore, orí a máa yá atọ́kùn ẹ̀. Àwọn atọ́kùn tiwa, orí ń yá wọn bí eégún bá tilẹ̀ ń da ọjà rú. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà ò sàn jù wọ́n lọ. A tẹ report, ẹ̀rọ ló ń dá wa lóhùn pé ẹ ṣeun. Ó rọrùn fún ilé iṣẹ́ láti gba orúkọ gbogbo ayé ju kó gba ẹnì kan síṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá, tó máa mọ̀ pé “orí ẹ burú” kì í ṣe ìkíni.

Ìyókù ìtàn náà wà ńbẹ̀. Owó ẹyọ kan ni wọ́n so mọ́ ọmọbìnrin yẹn lọ́rùn nílé agbárí. Tó bá gbìyànjú láti sá, owó ẹyọ á pariwo. Òun fúnra ẹ̀ ò sì lè fọhùn. Akọni gbé e délé tán, bàbá ẹ̀ rí i, ó wà láàyè, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò ṣí. Ọkùnrin náà tún padà sínú igbó lọ́dọ̀ àwọn agbárí lọ wá ewé tó máa tú u, kó tó sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń fi ìtàn yìí ṣe ìkìlọ̀ máa ń fo ibẹ̀ yẹn.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó mọ̀ ọ́n yìn ju gbogbo wa lọ. A ò mọ orúkọ ẹ̀, a ò sì bi í. Ọdún kejì nìyí tí a ti jọ ń gbá a, kò tan máìkì rí, ó máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ tan án lálẹ́ Sátidé, ó wá béèrè pé ta ló máa wà níbẹ̀.