Etí Ni Adájọ́ Ẹ̀rọ Orin
Etí tó mọ ohùn yà sọ́tọ̀ ni ọgbọ́n yíyan ẹ̀rọ orin dúró lé. Ní Ìkirun, Iníṣà àti Òkukù, ìlù dùndún jẹ́ òṣùwọ̀n tó wà nítòsí: ohùn ìyáàlù ń lọ sókè sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣaworo sì ń dún wínníwínní létí awọ. Sípíkà tó dára a máa jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ohun tí ìlù ń sọ sì yéni.

Ṣùgbọ́n wáàtì, ìwọ̀n agbára ẹ̀rọ, ni ìpolówó máa ń kọ gàdàgbà sára páálí, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní PMPO, tí kò ní ìlànà kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé. RMS, ìyẹn wáàtì tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdáwọ́dúró, ló ṣeé gbára lé jù. Bí wáàtì bá tilẹ̀ di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì 3 péré ni ohùn fi ń lé sí i.

Ẹnì kan fẹ́ béèsì tó ń mi ilẹ̀, ẹlòmíràn fẹ́ ohùn olórin ketekete. Kò sí èyí tó burú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yàn a gbé orin tó mọ̀ dunjú lọ sí ìsọ̀, a sì gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ méjì ní ìwọ̀n ohùn kan náà, nítorí èyí tó bá pariwo jù ló máa ń dà bíi pé ó dùn jù.