Èjìká Ọdẹ ni Ọ̀gá Mi Kọ́kọ́ Ń Wò

Ọ̀gá mi kì í fọwọ́ kan ìbọn kí ó tó wo ẹni tó gbé e wá. Bí ọdẹ bá ti wọ ìsọ̀ wa ní Ṣakí, tí a ti kí i ní "Àrìnpa o!", tó sì ti fi ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ hàn, ọ̀gá mi á ní kí ó dúró sí gbangba, kí ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ó tún ká wọn kò. Á wo bí ọrùn rẹ̀ ṣe gùn tó, bí àyà rẹ̀ ṣe yọ tó, bí eegun èjìká rẹ̀ ṣe lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó bèèrè irú ìbọn tó jẹ́. Mo ti rí àwọn tó mọ irin ju ọ̀gá mi lọ. Ṣùgbọ́n ní ti ká fi rọ́bà sí ìdí ìbọn kí ó sì bá ara ẹni tó ni ín mu, n kò tíì rí ẹnìkejì rẹ̀.

Ìbọn a máa ta ni. Ẹni tó bá ti yin ẹlẹ́nu méjì rí kò nílò àlàyé. Bí ìbọn bá wọn kílò 3, tí kátíríìjì rẹ̀ sì ti ọta wẹ́wẹ́ tó wọn gíráàmù 32 jáde pẹ̀lú eré mítà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìbọn náà yóò fi eré bíi mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bọ̀ wá sẹ́yìn. Èjìká ni yóò dá a dúró. Kò sí rọ́bà tó lè mú agbára yẹn kúrò. Iṣẹ́ rọ́bà ni kí ó fa títa náà gùn, kí ó má dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì tàn ká ibi tó fẹ̀. Ìbọn fífúyẹ́ ló sì ń ta jù, ìdí nìyẹn tí àwọn ọdẹ tó wá ìbọn fífúyẹ́ nítorí ìrìn jíjìn fi ń padà wá bá wa pẹ̀lú èjìká wíwú.

Rọ́bà pọ̀ lọ́jà. Pachmayr ń bẹ, LimbSaver ń bẹ, Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti ń wá. Ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́ náà ń bẹ, èyí tó pupa, tí kò ní ihò lára, tí ilé iṣẹ́ Silver kọ́kọ́ sọ di olókìkí. Ohun tí gbogbo oníbàárà ń bèèrè ni pé, "Èwo ló rọ̀ jù?" Ìbéèrè yẹn kì í dùn mọ́ ọ̀gá mi rárá. Á ní, "Ẹ bèèrè èyí tó jókòó jù."

Jíjókòó yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ni ọ̀gá mi fi ju gbogbo wa lọ. Bí o bá gbé ìbọn tí kò sí ọta nínú rẹ̀ nàró, tí ìdí rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ dáadáa, tí o wá sún un títí ibi tó ti ń ṣẹ́ fi kan ògiri, wàá rí i pé ẹnu rẹ̀ kò kan ògiri. Àlàfo díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Àlàfo náà ló ń sọ bí ojú ìdí ìbọn ṣe dà gẹ̀rẹ̀ sí. Ènìyàn kì í ṣe ògiri. Láti èjìká bọ̀ sí àyà, ara ń dà gẹ̀rẹ̀, ti ẹnìkan kò sì jọ ti ẹlòmíràn. Ẹni tí àyà rẹ̀ yọ, etí ìsàlẹ̀ rọ́bà ni yóò kọ́kọ́ kàn án. Bí ìbọn bá ta, yóò yọ̀ gòkè, igi rẹ̀ yóò sì gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹni tí àyà rẹ̀ tẹ́, etí òkè ni yóò gún un léegun, ìbọn á sì fẹ́ yọ̀ wọ abẹ́ abíyá. Àwọn méjèèjì á máa sọ pé rọ́bà àwọn le. Rọ́bà wọn kò le. Etí rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, gbogbo ojú rẹ̀ yòókù kàn wà níbẹ̀ ni.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀? Ẹfun ni. Ọ̀gá mi á lọ ẹfun kúnná, á fi omi díẹ̀ pò ó, á fi ìka rà á mọ́ ojú rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Á tún ṣí ìbọn wò lẹ́ẹ̀kan sí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Á wá sọ fún oníbàárà pé, "Bàbá, ẹ dijú. Ẹ gbé e bí ìgbà tí ẹran bá dìde." Ó gbọ́dọ̀ dijú, torí ẹni tó lajú á máa wá ibi tí ìbọn yóò bá a mu, á tẹ ọrùn, á gbé èjìká, á fi ara rẹ̀ san gbèsè igi. Lóru, nígbà tí iná bá wà níwájú orí tí ojú ẹtù sì ń tàn nínú igbó, kò sí àyè fún ìyẹn. Bí ó bá ti gbé ìbọn náà kúrò léjìká, ọ̀gá mi á súnmọ́ ọn, á wo ojú ẹfun lára aṣọ. Bí ẹfun bá hàn lókè nìkan tàbí nísàlẹ̀ nìkan, a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Aṣọ wo? Gbérí ọdẹ ni o. Ọ̀gá mi kì í fi ẹ̀wù ìlú wọn ìbọn igbó. Ẹni tó bá fi bùbá wá, á dá a padà sílé kí ó lọ wọ gbérí rẹ̀ wá, pẹ̀lú gbogbo ohun tó rán mọ́ ọn. Gbérí nípọn, oǹdè sì lè wà níbi tí ìbọn ń jókòó gan-an. A kì í fọwọ́ kan ìyẹn. Ọdẹ fúnra rẹ̀ ló mọ̀ bóyá òun lè sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí aṣọ ṣe nípọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn ṣe gùn sí i tó. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn tó ti òkè òkun wá, láti ibi tí ìka ti ń fà á dé ojú ìdí rẹ̀ máa ń tó ínṣì 14 sí 14 àtààbọ̀. Bí o bá wá lẹ rọ́bà ínṣì 1 mọ́ ọn láì gé igi, tí o tún wọ gbérí, ìbọn náà á máa kọ́ ọ lábẹ́ abíyá kí o tó gbé e dé ojú. Apá ọdẹ kò gùn sí i torí pé ó ra rọ́bà.

Ọdẹ awó kan wà, àgbàlagbà tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn àfin. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún kì í sinmi wíwú, ó sì ti ra rọ́bà tó nípọn, ó tún ra èyí tó nípọn jù ú lọ. Àwa ọmọ iṣẹ́ rò pé igi ni a máa gé. Ọ̀gá mi fi ẹfun wò ó, ó dákẹ́, ó mú pélébé awọ kan nínú àpótí, ó fi ọ̀bẹ họ ọ́ títí ẹ̀gbẹ́ kan fi fẹ́lẹ́ tán, tí ẹ̀gbẹ́ kejì kò sì nípọn ju èékánná lọ. Ó tú rọ́bà, ó fi ibi tó nípọn sí òkè, ó dè é padà. Ó tún fi ẹfun kùn ún. Lọ́tẹ̀ yìí, odindi ojú rọ́bà ló hàn lára gbérí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìsí ibi tó ṣófo. A lọ sí ẹ̀yìn ìlú, bàbá yin ìbọn náà, ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìjálá níbẹ̀. Mo ṣì ń rí ojú ọ̀gá mi lọ́jọ́ náà. Kò rẹ́rìn-ín. Ibi tí bàbá náà ń tẹ ẹsẹ̀ sí ló ń wò.

Ìdí tí a fi ń fi awọ dán an wò nìyẹn kí a tó mú ayùn: awọ ṣeé yọ, igi tí a bá ti gé kò ṣeé dá padà. Nígbà tí awọ bá ti sọ òtítọ́ tán ni a tó ń gé igi sí ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà.

Ó ń dùn mí láti rí ohun tí wọ́n ń gbé sí ìdí ìbọn báyìí. Wọ́n ń fi ìṣó kan táyà mọ́ ọn. Wọ́n ń gé ìsàlẹ̀ sílípáàsì. Àwọn tó ka ara wọn sí ọ̀làjú ń ra èyí tí wọ́n fi ń bọ ìdí ìbọn láti ìta, tó máa ń yí bírí bí ìbọn bá ti dún, tó sì fi ínṣì kan kún gígùn rẹ̀ láìbèèrè. Ilẹ̀ tó mọ rọ́bà ni ilẹ̀ yìí. Ní àárín ọdún 1890 sí 1900, oje igi ìrẹ́ inú igbó wa pọ̀ nínú ohun tó ń ti èbúté Èkó lọ sí òkè òkun, wọ́n sì fa oje náà títí ọ̀pọ̀ igi fi kú. Kò yẹ kí irú wa má mọ rọ́bà tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Fi èékánná tẹ̀ ẹ́: èyí tó bá yára padà, tí ojú rẹ̀ kò sán, òun ni. Má sì jẹ́ kí epo ìbọn kàn án, torí epo ń sọ rọ́bà di ẹlẹ́rẹ̀. Ọ̀gá mi máa ń dojú ìbọn kodò ní àgbékalẹ̀ rẹ̀, kí epo má baà ṣàn wá sínú igi àti rọ́bà.

Etí òkè ni a fi ń parí. A máa ń fi sáńpépà yí i po kí ó má baà há sí aṣọ bí ìbọn bá ń gòkè; bí rọ́bà náà bá ṣì ń lẹ̀ jù, a máa ń fi awọ ewúrẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ ti ṣe fẹ́lẹ́ bò ó. A ń fi ọṣẹ dúdú kun ẹnu irin tí a fi ń dè súkúrù kí ó lè gba ojú rọ́bà kọjá. Bí a bá fà á jáde, rọ́bà á padé, ojú ihò kò ní hàn. Ní ti rírẹ́ rọ́bà dọ́gba pẹ̀lú igi, a kì í parí rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Igi ń súnkì nígbà ọyẹ́, ó sì ń wú nígbà òjò, rọ́bà kò sì bá a lọ. Èyí tó dọ́gba ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, igi rẹ̀ á ti yọ kọjá rọ́bà kó tó di Òkúdù. Nítorí náà, mo máa ń fi rọ́bà sílẹ̀ kí ó yọ díẹ̀, màá gbé ìbọn fún ẹni tó ni ín kí ó máa lò ó lọ, màá sì ní kí ó padà wá bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Àwọn kan ń bínú sí i. Mo ti sọ iye rẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀, n kì í sì í gba owó kejì.